Ilé Dígí Tí Ọdẹ́dọyin Kọ́ fún Ẹja

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹni tí etí rẹ̀ wúwo wá jókòó síwájú, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jìjàkadì títí ó fi bẹ̀ mí pé kí a sinmi díẹ̀. Èmi ni mo yin ìbọn kan ṣoṣo tí àparò méje jábọ́, tí ìkẹjọ sì rìn wá bá mi fúnra rẹ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ fi ẹ̀tù ṣòfò. Síbẹ̀, ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́dọyin ni, ẹni tí ó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ ọdẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ga jù ú lọ. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìparí rẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Ọdẹ́dọyin ní ọmọ kan ṣoṣo, Ìbídùn. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méje, àìsàn kan dé sí i. Nígbà tí àìsàn náà yóò lọ, ó mú agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Adétóún, ìyá rẹ̀, a máa pọ̀n ọ́n lọ sí odò ńlá tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, a gbé e ka orí àpáta, Ìbídùn a sì máa wo ẹja láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Ó sọ wọ́n lórúkọ. Ó ń bá wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pé ọdún mọ́kànlá, egungun ìbàdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Bí a bá ti gbé e kúrò lórí ẹní báyìí, igbe ni. Bí ìrìn odò ṣe parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan ó pe bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bí èmi kò bá lè lọ sódò mọ́, ṣé odò kò lè wá sílé ni?"

Ọ̀rọ̀ ọmọdé dà bí ẹ̀gún. Ó kéré, ṣùgbọ́n ibi tó bá wọlé sí, a kò lè gbàgbé ibẹ̀. Ọdẹ́dọyin mú ẹja kan wá sínú ìkòkò. Ìbídùn kò rí i, nítorí ìkòkò kò ní ojú. Ní ọjọ́ kẹta ẹja náà léfòó. Ó mú òmíràn wá sínú abọ́ tánńganran. Ẹja náà ń ṣí ẹnu, ó ń pa á; Ọdẹ́dọyin ní ẹnu lásán ni ẹja ní. Gbogbo ọmọ àdúgbò wá kàn án ní ìka, wọ́n da gààrí sí i, ẹja náà kú. Ẹ̀kẹta kò rí ọjọ́ kejì.

Nígbà náà ni Ìbídùn yíjú sí ògiri. Ó ní, "Bàbá, ẹ má mú ẹja wá mọ́. Èmi ni mo ń pa wọ́n." Láti ọjọ́ náà kò jẹun mọ́. Ìyá rẹ̀ a fi agbára fi ṣíbí ẹ̀kọ gbígbóná kan sí i lẹ́nu láàárọ̀, ìyẹn ni ó fi ń mí.

Ìyá àgbà kan tí ń mọ ìkòkò ní ìdí odò ni ó tú àṣírí fún Ọdẹ́dọyin. Ó ní ìlú kan wà ní òdìkejì Igbó Àìwẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń fi ohun abẹ̀mí sínú ilé dígí nínú pálọ̀. Ohun náà a sì máa dá olówó rẹ̀ lóhùn. Ọdẹ́dọyin ní, "Irú ẹran wo ni wọ́n ń sìn bẹ́ẹ̀?" Ìyá náà ní, "Ẹni tó lọ síbẹ̀ kò padà wá sọ."

Bí èmi ni, orí mi ni n óò họ. Ọdẹ́dọyin kò họ nǹkan kan. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ki àdá bọ àkọ̀, ó wọ Igbó Àìwẹ̀yìn lọ.

Kò tíì rìn jìnnà tí ó fi rí ọwọ́ kan tí ó na jáde láti ẹ̀yìn igi, bí ọwọ́ alágbe. Ó fẹ́ fi ẹyọ iṣu kan sí i, àṣé ojú ni ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ náà! Iwin kan ni, ó ga bí àràbà, kò ní ojú kankan lórí. Ọwọ́ ni ó fi ń ríran. Orí mẹ́jọ nínú ìka rẹ̀ ni ojú ènìyàn wà, pupa, dúdú, kékeré, ńlá. Ọdẹ́dọyin wo ìka àtàǹpàkò, ó mọ ojú náà! Ojú Ládélé ni, ọdẹ tí a ti ń wá láti ọdún mẹ́ta. Ojú náà sì ṣẹ́jú sí i.

Iwin ní, "Ìka méjì ló ṣẹ́kù tí kò ríran. Ohun kan wà tí a ń fi okùn dè kí ó tó lè rìn. Bí a bá tú u, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Kí ni? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ojú rẹ méjèèjì, ìka mi méjì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ti mọ̀ ọ́n kí ó tó sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n èmi kò sí níbẹ̀. Òógùn ń kán lójú Ọdẹ́dọyin. Ẹran? Bí a bá tú ẹran, ó sá lọ ni. Ó gbé ọwọ́ sí èjìká láti nu òógùn, ọwọ́ rẹ̀ kan okùn tí ó fi di àpò rẹ̀.

Ó kígbe pé, "Ẹrù ni! A di ẹrù kí a tó rù ú lọ. Ibi tí a bá ti tú ẹrù, ibẹ̀ ni a dé sí."

Inú bí iwin náà, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Bí ó ti di wọ́n, ojú rẹ̀ kú, kò ríran mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá igi kiri. Ọdẹ́dọyin gba abẹ́ itan rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi rí oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹrin ó dé etí omi kan tí ó mọ́ gaara, ó sì rí iṣu sísun lórí ewé, epo pupa ń dán lára rẹ̀, èéfín ń rú. Kò sí ẹnìkan nítòsí. Ẹ gbọ́ o, ọdẹ tí ó ti ogún ọdún ń dẹ pàkúté fún ẹran, ẹni tí ó mọ̀ pé oúnjẹ tí kò ní olówó ní okùn nídìí, òun náà ni ó na ọwọ́ sí iṣu. Ebi kì í wọnú kí ọgbọ́n wọ̀ ọ́. Bí ó ti bù ú sẹ́nu báyìí, àwọ̀n kan fò jáde láti inú omi, ó gbá a mú, ó fà á wọ omi lọ gbùdù!

Nígbà tí ó lajú, inú àpótí kan ni ó wà. Dígí ni iwájú, dígí ni ẹ̀yìn, dígí ni ọ̀tún àti òsì. Omi ni gbogbo ìta. Inú omi náà, pálọ̀ ńlá kan ni, a tẹ́ ẹní sílẹ̀, a to àga yí i ká. Lórí àga ni àwọn ẹja jókòó sí. Òbòkun ńlá kan tí ó wọ aṣọ àrán, tí ó fi iyùn sí ìyẹ́ lúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń gba àlejò. Àwọn ẹja àlejò na ẹnu sí àpótí náà, wọ́n ń wí pé, "Èyí mà rẹwà o! Níbo ni ẹ ti rà á?"

Ọdẹ́dọyin pariwo. Ariwo náà kò jáde. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí omi ń gbé ohùn wọn wá; ohùn tirẹ̀ kò kọjá dígí.

Ẹja kan ní, "Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó ń ṣí, ó ń pa. Ṣé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Òbòkun rẹ́rìn-ín. "Ènìyàn? Ẹnu lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni Olódùmarè ṣe dá wọn."

Ọdẹ́dọyin rántí. Òun náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí ẹja, ní ìdí abọ́ tánńganran.

Nígbà náà ni ẹnìkan fà á láṣọ láti ẹ̀yìn. Bàbá arúgbó kan ni, Ṣóyẹmí ni orúkọ rẹ̀, apẹja ni tẹ́lẹ̀ rí. Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Bí wọ́n bá kan dígí lẹ́ẹ̀mẹta, fò sókè. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, yí orí. Wọn yóò da oúnjẹ sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ ti pẹ́ tó níbí?"

"Mo ti gbàgbé. Ènìyàn mẹ́fà ni ó ti kú sí mi lọ́wọ́ nínú àpótí yìí."

"Níbo ni a ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀?"

Bàbá Ṣóyẹmí wo ilẹ̀. "Níbi tí gbogbo wọn ti ń wò wá yìí náà ni."

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Àgbà ọdẹ, ẹni tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà, kò rí ewé kan fi bo ìdí. Láti òwúrọ̀ ni ọmọ òbòkun náà, Lúwẹ̀ẹ́, a ti wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn a máa kan dígí gbì, gbì, gbì. Ariwo rẹ̀ a wọ inú eyín. Wọn a da èkuru agbọ̀n kan lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí àwọn méjèèjì kò bá lè jẹ a bàjẹ́, a máa rùn. Afẹ́fẹ́ gbóná. Ìmọ́lẹ̀ kì í kú. Kò sí igun kan tí ènìyàn lè kọ ẹ̀yìn sí ayé fún ìṣẹ́jú kan.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Bàbá Ṣóyẹmí dùbúlẹ̀, kò dìde. Lúwẹ̀ẹ́ kan dígí lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá náà kò fò. Ó tún kàn án. Lójijì, ọmọ ẹja náà bú sẹ́kún, ó fi ìyẹ́ bojú, ó sá lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ìyá, èyí náà ń kú! Ẹ má mú wọn wá mọ́. Èmi ni mo ń pa wọ́n!"

Ọdẹ́dọyin yíjú sí i. Ọ̀rọ̀ Ìbídùn nìyẹn láìyọ ẹyọ kan! Ó ti ń gbèrò láti ìgbà tí ó ti débẹ̀ bí òun yóò ṣe fi àdá gé orí òbòkun náà bí wọ́n bá ṣí ìdérí. Ìbínú náà dà lára rẹ̀ bí omi. Ó gbá ara mọ́ dígí, ó lẹ ẹnu mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ó sì kígbe títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ pé, "Ìyá Lúwẹ̀ẹ́! Ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín síbí!"

Dígí náà gbọ̀n. Òbòkun dúró lójú kan. Ó súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i.

Ọdẹ́dọyin ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá."

Iyùn já lára òbòkun, ó tú ká inú omi. Ó sá lọ sẹ́yìn àga, ó tún sáré padà wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí dígí. "Ó kí mi! Yé è, ó kí mi! Àwọn mẹ́fà tí ó kú ńkọ́? Àwọn náà ń sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kú," ni Ọdẹ́dọyin wí.

Ìyá Lúwẹ̀ẹ́ lọ ṣa iyùn rẹ̀ jọ. Lẹ́yìn náà ó padà wá. Ó ní ọmọ òun kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Nítorí kí ó lè rí ẹni bá ṣeré ni òun ṣe ń mú ènìyàn wá. "Kí ni mo ṣe tí wọ́n fi ń kú? Oúnjẹ ni? Mo ń fún wọn lóúnjẹ."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ya ilé fún yín, irú èyí tí ènìyàn kò ní kú sí, tí yóò sì máa dá ọmọ yín lóhùn. Bí mo bá ṣe é tí ó dára, ẹ tú wa sílẹ̀."

Ó fẹ́ èémí sí dígí títí ó fi ṣú, ó sì fi ìka ya ilé náà sí i. Ó ya òkè òkúta sí igun kan, ihò sì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ibí ni a ó máa sá sí. Ẹni tí kò bá lè sá pamọ́ kì í sinmi." Ó ya igi àti ewé, nítorí èémí. Ó ní kí wọ́n máa fi aṣọ bo àpótí nígbà tí àwọn náà bá fẹ́ sùn; kí oúnjẹ má ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ láàárọ̀, kan lálẹ́. Ó ya ojú ibi kan tí dígí yóò ti fẹ́lẹ́. "Ibí ni eré. Kí Lúwẹ̀ẹ́ má kàn án mọ́. Kí ó gbé ìyẹ́ sí i, kí ó dúró. Bí ó bá wù wá, a ó wá gbé ọwọ́ sí i láti inú."

"Bí kò bá wù yín ńkọ́?"

"Kí ó dúró dọ̀la."

Nígbẹ̀yìn, ó ya ọ̀nà tóóró kan tí ó ti ìdí àpótí lọ títí dé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìyá Lúwẹ̀ẹ́ tẹjú mọ́ ọn. "Kí nìyí?"

"Ilẹ̀kùn ni. A kò ní tì í."

Òbòkun fò sẹ́yìn. "Orí mi ò! Ta ni í ṣe ilẹ̀kùn sí ilé ohun ọ̀sìn tí kò ní tì í? Ẹ ó lọ!"

"A ó lọ. Bóyá a ó padà. Ìyá, ẹni tí a tì mọ́lé kò dá yín lóhùn rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ni ó ń dá yín lóhùn."

Wọ́n bá ara wọn jiyàn fún ọjọ́ méjì. Níkẹyìn, Ìyá Lúwẹ̀ẹ́ ní, "Ó dáa. N óò ṣe ilẹ̀kùn. Ìwọ jáde. Bí ìwọ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ padà kí ọjọ́ keje tó pé, mo gbà, ìwọ àti bàbá yìí ti di òmìnira. Bí o kò bá padà, n óò dí i pa, bàbá yóò sì kú sínú ibẹ̀."

Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá kọ́ ilé náà. Nígbà tí Bàbá Ṣóyẹmí rí ihò òkúta tí ó lè wọ̀ sí, oorun tí ó sùn kò ní àfiwé. Nígbà tí ó jí, ó jẹun.

Ọdẹ́dọyin bá gba ọ̀nà tóóró náà jáde. Oòrùn bà á lójú. Koríko ń rùn bí koríko. Ọ̀nà ilé wà níwájú rẹ̀, funfun, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó dí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò ní purọ́ fún yín: èmi ìbá sá. Òun náà sá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ó fi ń lọ sílé, ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, "Bàbá arúgbó ni, ó ti lo ayé. Ọmọ mi kò tíì jẹun. Mo ti mọ bí a ṣe ń kọ́ ọ. Kí ni mo tún ń wá?" Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó jókòó lórí gbòǹgbò igi kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti dìde. Ó bi ara rẹ̀ pé, ojú wo ni òun yóò fi jókòó ti dígí tí òun bá kọ́ fún Ìbídùn, tí òun kò ní máa rí bàbá yẹn nínú rẹ̀? Ó sunkún níbẹ̀ bí obìnrin tí ń rọbí. Lẹ́yìn náà ó yípo, ó sì sáré. Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ méjì péré ni ó fi sá a padà.

Ó já bọ́ sínú àpótí náà nígbà tí ọjọ́ keje ń lọ sí ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹja tí wọ́n gbé òkúta wá láti dí ọ̀nà jọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lanu. Lúwẹ̀ẹ́ kò fò, kò pariwo. Ó gbé ìyẹ́ sí ibi tí dígí ti fẹ́lẹ́, ó dúró. Ọdẹ́dọyin, tí kò lè mí dáadáa, wọ́ lórí orúnkún lọ bá a, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí i.

Ìyá Lúwẹ̀ẹ́ ní, "Mo ti kà á sí pé o ti lọ láti ọjọ́ kìíní." Ó tún ní, "Ẹ máa lọ o, ìwọ àti bàbá."

Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣóyẹmí kò dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, máa lọ. Mo ti jáde ní àná."

"Ẹ jáde?"

"Nígbà tí gbogbo wọn ń sùn. Mo rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ títí ojú mọ́, mo kí oòrùn, mo padà wọlé. Kò sí ẹni tí ń retí mi nílé mọ́. Ọmọ ẹja yìí ń retí mi láràárọ̀."

Ọdẹ́dọyin dọ̀bálẹ̀ fún un, ó jáde. Dígí mẹ́rin ni Ìyá Lúwẹ̀ẹ́ fi ta á lọ́rẹ; ó dì wọ́n mẹ́yìn. Nínú Igbó Àìwẹ̀yìn, iwin nì tún na ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn igi. Ó rí gbogbo ojú ara rẹ̀ nínú dígí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ké ìbòòsí, ó sì sá wọ inú igbó lọ.

Nígbà tí ó délé, Ìbídùn ti gbẹ bí ewé àgbàdo. Iṣẹ́ ni Ọdẹ́dọyin dojú kọ. Ìṣàn omi kékeré kan wà tí ó ń ti ẹ̀yìn àgbàlá rẹ̀ lọ sínú odò ńlá, igbó bò ó, ẹnikẹ́ni kì í kà á kún. Ọdẹ́dọyin fọ́ ògiri yàrá ọmọ rẹ̀, ó ri dígí mọ́ ọn, ó gbẹ́ ọ̀nà omi láti inú ìṣàn náà wá sínú rẹ̀, ó sì gbẹ́ òmíràn tí omi yóò fi padà jáde. Ó to òkúta onihò sí i, ó gbin ewé ojú omi. Ó tẹ́ ẹní Ìbídùn tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá na ọwọ́, yóò kan dígí láìgbé ara. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Kò fi ẹja kankan sínú rẹ̀.

Gbogbo ìlú rọ́ wá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ní ọjọ́ kẹta, Adétóún kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ fọ́ ògiri ilé nítorí omi lásán? Ẹja wà ní ọjà! Ẹ mú ọ̀kan wá, kí ọmọ yìí tó kú mọ́ wa lọ́wọ́!"

Ọdẹ́dọyin ní, "Bí mo bá mú un wá, kò wá nìyẹn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin mo lọ yá ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá wọn nínú yàrá náà. Mo fẹ́ kí wọn ni, Adétóún gbé ìka sẹ́nu sí mi. Mo wo dígí. Ewé mì. Àrọ̀ kékeré kan, kò ju ìka mi lọ, yọ irùngbọ̀n rẹ̀ jáde láti ẹnu ọ̀nà omi náà. Ó wọlé. Ó tún jáde. Ó tún wọlé. Ìbídùn gbé ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti di egungun sí dígí, kò kàn án, ó dúró. Mo bẹ ẹfọ̀n lórí rí, ẹ̀yin mọ̀, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹja náà wá tààrà, ó fi ẹnu kan àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà láti inú, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń mí.

Lẹ́yìn náà ó yí ìrù padà, ó gba ọ̀nà omi náà jáde, ó lọ.

Adétóún fọwọ́ lé orí, ó ti fẹ́ sunkún. Ìbídùn kò sunkún. Ó yíjú kúrò lára ògiri, ojú rẹ̀ ń dán.

Ó ní, "Ó lọ sílé ni. Ìyá, ẹ fún mi ní ẹ̀kọ àti ọbẹ̀, kí n jẹun kí ó tó dé."

Ibi tí ẹsẹ̀ ìtàn mi tẹ̀ mọ nìyí. Ẹ bu omi fún mi.